Ta Ló Rán An Níṣẹ́? Àgbéyẹ̀wò Àwọn Fèrèsé Tí Ń Ṣí Fúnra Wọn Nígbà Tí A Bá Tan Kọ̀ǹpútà

Bí oníbàárà bá gbé kọ̀ǹpútà wọ ìsọ̀ wa ní Papalanto, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹnjiníà, nǹkan kan ti wọ inú rẹ̀." Kò ní sọ pé ó bàjẹ́. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé e dé ọ̀sán. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tàn án tán, kí olówó rẹ̀ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, fèrèsé kan á là gbàgà sójú rẹ̀. Nígbà míì ìpolówó ni. Nígbà míì ìkìlọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì ni, tó gùn tó sì le bí ìwé ilé-ẹjọ́. Ó sì lè jẹ́ àpótí dúdú lásán tó yọ fìrí, tó tún pòórá. Wọ́n á pa á. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún tan ẹ̀rọ, ó ti dé.

Èrò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti Ìtòrí títí dé Abẹ́òkúta. Àwọn kan gbà pé fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo rẹ̀, kò sí àlàyé míì. Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó jẹ́: "Ẹ bá mi fọ́màtì ẹ̀, ẹ jàre." Àwọn kẹta, tí mo rò pé àwọn ló pọ̀ jù, ti gba kámú, wọ́n ń pa fèrèsé náà láràárọ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti mọ́ wọn lára. Tèmi ni pé fèrèsé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò, wọn kò wo ẹni tó rán an. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Kò sí fèrèsé tó ń dá ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Nǹkan kan ló pè é, orúkọ olùpè náà sì wà ní àkọsílẹ̀ níbì kan nínú ẹ̀rọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo máa dé orí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Windows ṣe ń jí. Lẹ́yìn tí olówó ẹ̀rọ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, Windows á ṣe bí baálé tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pe àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí oníkálùkù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kì í pè wọ́n láti orí. Àwọn orúkọ náà wà nínú fódà kan tí wọ́n ń pè ní Startup. Wọ́n wà nínú ìwé ńlá tó ń jẹ́ registry, lójú ewé tí wọ́n kọ Run sí lórí, èyí tó ti wà láti ayé Windows 95. Wọ́n wà nínú Task Scheduler, níbi tí wọ́n ti ń dá àsìkò fún iṣẹ́. Wọ́n sì wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ services, tí kì í sábà yọjú. Sọ́fíwià tí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ lè kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í tọrọ àyè. Ẹ ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí baálé bá pe orúkọ kan tí ariwo ta.

Tíṣà obìnrin kan láti Wasinmi ló jẹ́ kí n mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè jìn tó. Bí wọ́n bá ti tan láptọ́ọ̀pù wọn, Notepad méjì á ṣí tẹ̀léra. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LocalizedResourceName, tó sì parí sí shell32.dll,-21787. Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ti fi han àwọn ènìyàn. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé àwọn ọmọ Yahoo ló wọlé, pé nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀. Èsì ìdánwò kíláàsì mẹ́ta sì wà lórí láptọ́ọ̀pù náà. Ọkàn wọn ò balẹ̀ rárá.

"Mà, ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì ti gbé fáìlì yín pamọ́ rí?" ni mo bi wọ́n.

"Háà! Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Wọ́n wá rọ́ ọ. Fláàṣì kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíì ló kó fáírọ́ọ̀sì wọlé, gbogbo fódà wọn sì di àwátì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wá kọ́ wọn ní àṣẹ tí wọ́n á tẹ̀ sínú àpótí dúdú: attrib, pẹ̀lú -h àti -s lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àṣẹ yẹn ni láti ká ìbòjú kúrò lára fáìlì tó wà ní ìpamọ́. Ká ní orí fláàṣì nìkan ni wọ́n ti lò ó ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Wọ́n lò ó lórí ẹ̀rọ látòkè délẹ̀. Ìbòjú wá ká kúrò lára ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Fáìlì kékeré kan wà tó ń jẹ́ desktop.ini. Windows máa ń fi í pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ fódà kí ó lè mọ orúkọ tí yóò máa fi fódà náà hàn lójú ènìyàn. Ọ̀kan wà nínú fódà Startup pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí ìbòjú bá wà lójú rẹ̀, Windows á gbójú fò ó. Bí ìbòjú bá ká, Windows á rí i bí ọmọ ilé tó dúró sórí ìlà, á sì ní kó máa bọ̀. Nígbà tí kò sì mọ iṣẹ́ kankan ṣe, Notepad ni yóò gbé e jáde. Ìdí tó fi jẹ́ méjì ni pé fódà Startup méjì ló wà: ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ, ìkejì jẹ́ ti gbogbo ẹni tó bá ń lò ó.

Mo tẹ attrib padà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú +s àti +h, lórí fáìlì méjèèjì yẹn péré. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún tàn án, wọ́n dúró. Kò sí nǹkan kan.

"Ṣé fáírọ́ọ̀sì náà ti wá lọ báyìí?"

"Ó ti lọ tipẹ́, mà. Igi tí ẹ fi lé e lẹ ò gbé kúrò lọ́nà."

Èyí tó sún mọ́ ti tíṣà, tó sì wọ́pọ̀ jù ú lọ, ni mo ń pè ní fèrèsé òkú. Àkọlé rẹ̀ lè jẹ́ RunDLL tàbí Windows Script Host, ohun tó sì ń sọ ni pé òun wá fáìlì kan, òun ò rí i. Àwọn ènìyàn á rí i, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ti padà dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì rẹ̀ ni. Sọ́fíwià tó ń pa fáírọ́ọ̀sì ti pa fáìlì náà, àmọ́ kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Láràárọ̀ ni baálé ń pe ọmọ tó ti kú, tí kò gbọ́ ìdáhùn, tó wá ń pariwo. Orúkọ ló yẹ ká pa rẹ́. Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún èyí ni Autoruns, tí Mark Russinovich àti Bryce Cogswell kọ kí Microsoft tó ra ilé-iṣẹ́ wọn ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni títí dòní. Ó máa ń kó gbogbo orúkọ tí Windows ń pè sójú kan, á sì fi àwọ̀ ìyeyè kun èyí tí fáìlì rẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ yọ àmì iwájú rẹ̀, ẹ má tíì pa á rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá lo ọjọ́ mẹ́ta láìsí wàhálà, ẹ wá pa á.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fláàṣì ló ń bí àwọn òkú wọ̀nyí. Láyé Windows XP, bí fláàṣì bá ti wọ ihò rẹ̀, fáìlì autorun.inf tó wà lórí rẹ̀ lè ta fáírọ́ọ̀sì jí. Conficker, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, lo ọ̀nà yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀nà míì. Microsoft dí ihò náà nínú Windows 7, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí XP àti Vista. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àtúnṣe ń gbà wá, dátà sì wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń ti káfè kan bọ́ sí káfè kejì kò rí i gbà. Ẹni tó bá ti tẹ̀wé ní Panṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta láyé ọjọ́un mọ ohun tí mo ń sọ: fláàṣì á wọlé ní mímọ́, á jáde pẹ̀lú fódà tó ti di shortcut.

Ìpolówó ní ìtàn tirẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ nítorí pé ó kan ilẹ̀ adúláwọ̀ níhìn-ín. Ní àwọn ọdún 1990, Ethan Zuckerman ń ṣiṣẹ́ ní Tripod, ilé-iṣẹ́ ìkànnì kan ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan bínú nítorí pé ìpolówó wọn bọ́ sójú ewé tó ń sọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Zuckerman bá kọ kóòdù tó gbé ìpolówó sínú fèrèsé tirẹ̀, kó má baà dà bíi pé òun àti ojú ewé náà jọ ń gbé. Ní 2014, ó kọ̀wé sínú The Atlantic, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin yìí kan náà ti gbé ní Accra ṣáájú ìgbà náà, ó sì wà lára àwọn tó dá Geekcorps sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àjọ tó kó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wá sí Ghana láti ran àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kan dá wàhálà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì rán àwọn tó lè tún un ṣe sí wa.

Lónìí, ìpolówó kì í sábà fipá wọlé mọ́. Àwa la máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó ń wá fíìmù tàbí bọ́ọ̀lù wò á dé ìkànnì kan, ìkànnì náà á bi í bóyá kí òun máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i, òun náà á tẹ Allow kó lè ráyè wo nǹkan rẹ̀. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, bí Chrome bá ti jí, àwọn àpótí kéékèèké á máa yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á máa ké pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọ ẹ̀rọ, kí ẹ tètè sanwó. Irọ́ gbuu. Sọ́fíwià tó ń pa fáírọ́ọ̀sì á wá inú ẹ̀rọ títí, kò ní rí nǹkan kan mú, nítorí àṣẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín fún wọn ni wọ́n ń lò. Nínú Settings ti Chrome, lábẹ́ Privacy and security, ẹ wọ Site settings, ẹ wá Notifications, kí ẹ yọ gbogbo ìkànnì tí ẹ kò mọ̀. Ẹ tún dé ibi tí wọ́n kọ System sí, kí ẹ pa ìlà tó ní kí Chrome máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á.

Kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn oníjìbìtì. Ẹni tó kọ́ ilé náà máa ń rán fèrèsé. Láti 2015 títí di oṣù keje 2016, Microsoft ń yọ fèrèsé sójú àwọn tó ń lo Windows 7 àti 8 pé kí wọ́n wá gba Windows 10. Obìnrin kan ní California, tó ń ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn ènìyàn, gbé wọn dé ilé-ẹjọ́ lórí wàhálà tí Windows 10 kó bá ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì gba $10,000. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2020, ìkìlọ̀ tó bo ojú ẹ̀rọ látòkè délẹ̀ jáde fún àwọn tó ṣì wà lórí Windows 7. Windows 10 náà ti dé òpin ìtọ́jú tirẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Èyí ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ti Computer Village ní Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa. Windows 11 ń béèrè ẹ̀yà ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló máa ń gbà. Ẹ̀rọ tó lágbára dáadáa lè má wọ inú rẹ̀. Fèrèsé tó ń sọ èyí fún yín kò purọ́. Mo lè bá yín pa á lẹ́nu mọ́, àmọ́ ẹlẹ́rìí ni mo pa lẹ́nu mọ́ yẹn.

Àwọn fèrèsé kan kò wá sí lórí ìlà orúkọ kankan. Ibi tí a ń gbé ló ń rán wọn. Iná á lọ lójijì, jẹnẹrétọ̀ kò ní tíì dáhùn. Bí ẹ̀rọ bá tún tàn, Word á to àwọn ìwé tó rí gbà là sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Chrome á béèrè bóyá kí òun dá àwọn ojú ewé tó wà níbẹ̀ padà. Ẹ̀rọ ń ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí ni. Ti bátìrì CR2032 tún wà, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, tó wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ. Bó bá kú, aago á padà sí ọdún ìgbà kan nígbàkigbà tí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ẹ̀rọ á ní kí ẹ tẹ F1 kí òun tó jí, bó bá sì jí tán, ìkànnì tí ẹ bá ṣí á máa kìlọ̀ pé aago yín ti pẹ́ lẹ́yìn. Mo ti rí ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ti fọ́màtì nítorí bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

F1 náà ló tún kàn. Orí òkúta ẹfun la tẹ̀dó sí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta náà nínú ìwé wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá tọ̀sán-tòru, eruku kò mọ ọ́fíìsì yàtọ̀ sí ọjà. Akọ̀wé kan gbé ẹ̀rọ wá lákòókò bẹ́ẹ̀. Bó ti tàn báyìí, Edge ṣí, ó tún ṣí, wọ́n ti tó ogún kí n tó rí máùsì mú, gbogbo wọn ń wá bí ènìyàn ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ nínú Windows. Ọmọṣẹ́ mi ti ń wá fláàṣì tí yóò fi fọ́màtì. Mo fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ. Ojú ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́gán. Mo da kíbọ́ọ̀dù dojú dé sórí ìwé ìròyìn, mo gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó dà sílẹ̀ tó fi rẹ́ ògiri. F1 ló há mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ ni, ó sì ń ké fún ìrànlọ́wọ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wá olùpè kò ní awo nínú. Mo máa ń kọ́kọ́ ka ohun tí fèrèsé náà kọ, nítorí ọ̀pọ̀ tó gbé ẹ̀rọ wá kò kà á rí. Bó bá ń yọ fìrí, mo máa ń fi fóònù ká fídíò rẹ̀, kí n wá dá a dúró níbi tí orúkọ ti hàn. Lọ́dún 2017, àpótí dúdú kan da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lágbàáyé, ó wá hàn pé Office ti Microsoft fúnra rẹ̀ ló ń rán an. Lẹ́yìn náà ni Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà: Task Manager á ṣí, ìlà Startup sì wà nínú rẹ̀ láti ìgbà Windows 8. Ẹ pa èyí tí ẹ kò mọ̀ pẹ̀lú Disable, ẹ má yọ ọ́ dànù. Ẹ wo Sign-in options náà, nítorí Windows 10 àti 11 lè tún àwọn ohun tí ẹ fi sílẹ̀ láìpa ṣí fúnra wọn. Mac náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2011.

Bó bá ṣì ń yọ, ẹ tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, níbi tí Windows kì í ti í pe ọ̀pọ̀ àlejò. Bí kò bá yọ níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àlejò ni. Ẹ wá pín wọn sí méjì. Bí orúkọ bá jẹ́ 16, ẹ pa 8. Bó bá ṣì yọ, ó wà láàárín 8 tí ẹ kò pa. Ẹ tún pín ìyẹn. Ìgbà mẹ́rin péré lẹ máa tan ẹ̀rọ kí ọwọ́ yín tó tẹ̀ ẹ́.

Fọ́màtì wá ńkọ́? Ó ní ọjọ́ tirẹ̀: bí jàgùdà gidi bá ti wọlé, tó ń jí ọ̀rọ̀ ìwọlé tàbí tó ti ti gbogbo fáìlì pa, ẹ má bá a fà á, ẹ fọ ilé náà. Àmọ́ bí a ṣe ń lò ó níhìn-ín, oògùn gbogbo-nìṣe ló dà. Mo mọ ẹni tó fọ́màtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún kan nítorí ìpolówó. Inú Windows ayédèrú tí wọ́n fi ń fọ́màtì gan-an ni fèrèsé náà wà. Ohun èlò tí wọ́n fi ń tan Windows jẹ bíi pé wọ́n ti sanwó rẹ̀ ló ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú Task Scheduler. Ẹlòmíì á fọ́màtì, ẹ̀rọ á mọ́ fónífóní, á wọ Chrome pẹ̀lú íméèlì rẹ̀, Google á sì fi tọkàntọkàn dá gbogbo ohun tó ti so mọ́ Chrome tẹ́lẹ̀ padà fún un, olè tó ń rán ìpolówó wà láàárín wọn. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tí kò sí níbòmíràn ti lọ o. Ìpolówó wà níbẹ̀.

Bàbá kan wá láti Ìtòrí ní ìjẹta, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀, wọn ò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹnjiníà, nǹkan yìí ń pàṣẹ fún mi láràárọ̀. Ẹ yọ ọ́."

Mo tàn án. Notepad ṣí, lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lójú títì lè kà á: BÀBÁ, ṢÉ Ẹ TI LO OÒGÙN ÌFÚNPÁ? Mo wọ inú fódà Startup. Fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ inú oṣù Kérésìmesì. Mo béèrè ẹni tó lo ẹ̀rọ náà nígbà yẹn. Ọmọ wọn obìnrin ni, tó wá kí wọn láti London.

"Òun ló rán an, Bàbá."

Wọ́n pè é lórí WhatsApp níwájú mi, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta. Kó tó kí wọn tán ló ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n," ló ní, èmi ló ń bá wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ o." Bàbá wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo páànù. Wọ́n pa láptọ́ọ̀pù dé, wọ́n tì í sínú báàgì, wọ́n ní àwa méjèèjì ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, wọn ò sì fún mi ní kọ́bọ̀.